Omi Ló Yí Wa Ká, Omi La Tún Ń Wá

Gbogbo fọ́tò tí mo ń gbé síta yẹn, òkun tó ń dán, àwọn ọmọ tó ń bẹ́ sómi látẹ̀yìn ọkọ̀, ohun táwọn èèyàn ń wí ni pé "ẹ̀yin lẹ ń jayé o, ẹ ti di olówó." Olówó kẹ̀! Ẹni tó bá fẹ́ mọ bá a ṣe ń gbé, kó bi mí léèrè omi.

Inú ọkọ̀ tó ń fi ìgbòkun rìn là ń gbé, èmi, bàbá àwọn ọmọ àtàwọn ọmọ, orí tábìlì tá a ti ń jẹun náà ni wọ́n ti ń kàwé. Àárín Grenada sí Martinique, àwọn erékùṣù Òkun Kàríbéánì, la máa ń rìn jù. A ní ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, àmọ́ iná tó ń jẹ kì í ṣe kékeré, sólà ló sì ń gbé gbogbo iná wa, tójú ọjọ́ bá ti ṣú fún bí ọjọ́ méjì, bátìrì á lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́, la bá tún kó kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀ rọ́bà kékeré, ó di etíkun. Omi òkun la fi ń fọ abọ́. Tá a bá fẹ́ wẹ̀, àá bẹ́ sókun, àá fi ọṣẹ para, àá tún bẹ́ padà, kọ́ọ̀pù omi kan ló kù tá a ó fi ṣan iyọ̀ kúrò lára. Nígbà tí màámi gbọ́ lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní "Ẹ kúrò n'Iléṣà lọ London, ẹ tún kúrò ní London, ṣé torí kẹ́ẹ lè máa pọnmi ni?" Mi ò rí èsì fọ̀ o.

Ìrìn gan-an ò burú tá a bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn erékùṣù, torí ìlà oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́, òkè á bá wa dí i. Tá a bá já sí àlàfo láàárín erékùṣù méjì lojú ń rí nǹkan, ìgbì Àtìláńtíìkì á dé, abọ́ á máa fò, ọmọ á máa bì. Láàárín Grenada àti Carriacou, erékùṣù kékeré kan tó jẹ́ ti Grenada, òkè ayọnáyèéfín kan tún wà lábẹ́ omi, Kick 'em Jenny lorúkọ ẹ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi kìlómítà 1.5 jìnnà sí i, tára ẹ̀ bá sì ń gbóná, ó di 5.

Láti oṣù kẹfà dé ìparí oṣù kọkànlá, ìgbà họ́ríkéènì, ìjì líle, nìyẹn, ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ á lé wa lọ sí gúúsù, síbi tí ìjì kì í sábà dé. Wọ́n máa ń sọ pé ìjì kì í dé Grenada. Irọ́ ni jàre. Ìjì Ivan ba Grenada jẹ́ lọ́dún 2004, 1 July 2024 ni ìjì Beryl já lu Carriacou, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó sá sínú igbó mangrove, igbó etí omi, ní Tyrrel Bay ní Carriacou ló fọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ làwọn èèyàn gbà pé ó láàbò jù. Ẹni tó bá ti ní "kò lè débí," mi ò kí ń dá a lóhùn mọ́.

Oúnjẹ ni ò jẹ́ kí ilé jìnnà sí mi. Bẹ́rẹ́fúùtù pọ̀ níbí bíi kí ni, Captain Bligh, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ló kó o láti Tahiti dé erékùṣù St Vincent lọ́dún 1793, kí wọ́n lè rí oúnjẹ pọ́ọ́kú fún àwọn ẹrú. Àwọn ará Grenada máa ń fi wàrà àgbọn, ewé kókò àti ẹran oníyọ̀ sè é, oil down ni wọ́n ń pè é. Ó dùn, àmọ́ ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ ní gígún n'Ifẹ̀ mọ̀ pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Èmi ìdí ìgò ni mo fi ń gún tèmi nínú ìkòkò. Ìyá àgbà tó ń tà á fún mi ní Grenville, ìlú kan ní Grenada, ní Yorùbá làwọn baba ńlá àwọn náà, kì í sì í ṣe àsọdùn, lọ́dún 1849, lẹ́yìn tí oko ẹrú ti dópin, Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú wá síbí, Ìjẹ̀ṣà pọ̀ nínú wọn, àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ṣì ń bọ Ṣàngó.

Irú ló kù. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú àbí ògìrì ní St George's, olú ìlú Grenada, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wí fún mi ká tó fa ìdákọ̀ró sókè, torí ẹ̀gúsí tí mo ń sè báyìí, ọbẹ̀ òyìnbó ni.