Ìró Ìbàdàndùn Ìyá Àgbà ni mo fi ya Ìjàpá

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi jókòó ti láptọ́ọ̀pù tí ọwọ́ mi ò mú nǹkan gidi kan jáde. Àǹtí kan tí wọ́n ń ṣe ògì ọmọdé, ògì bàbà tí wọ́n po sóyà àti ẹ̀pà mọ́, ni wọ́n gbéṣẹ́ fún mi. Wọ́n ní kí n ṣe lógò, kí n ya àwòrán tó máa wà lára ọ̀rá tí wọ́n á máa di ògì náà sí, kí n tún wá ṣe kátúùnù kékeré kan, ìṣẹ́jú kan péré, tí àwọn ìyá á lè fi han ọmọ lórí fóònù. Ìjàpá ni wọ́n fẹ́. Mo ní kò burú, ta ni ò mọ Ìjàpá?

Àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Mo ti wo Pinterest, ìkànnì tí wọ́n ń kó àwòrán sí, títí ojú fi ń ta mí, gbogbo Ìjàpá tí mo bá sì yà ló ń jọ ti òyìnbó, igbá ẹ̀yìn ẹ̀ á ní àwọ̀ ewé, ojú ẹ̀ á tóbi, á kàn máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Ó rẹwà o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ Yánníbo. Ìjàpá tí wọ́n fi pa àlọ́ fún wa, ojú ẹ̀ máa ń sọ pé ó ti ń ro nǹkan kan, èyí tí mo yà ò ro nǹkan kan rárá.

Lọ́jọ́ karùn-ún mo pa láptọ́ọ̀pù, mo lọ bá mọ́mì mi, a jọ ń tú àpótí tí ìyá wọn fi sílẹ̀, ni ìró kan bá jáde lábẹ́ àwọn aṣọ òkè. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, Ìbàdàndùn gan-an, òórùn káńfọ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀. Mọ́mì ní èyí ni wọ́n máa ń ró tí wọ́n bá fẹ́ lọ kí èèyàn.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàndùn mọ̀ pé òpó Màpó ló wà lára ẹ̀, gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn yẹn tí wọ́n ṣí ní 1929, wọ́n á wá ya ṣíbí sáàárín òpó kan sí èkejì. Ṣíbí! Láti kékeré ni mo ti ń rí aṣọ yẹn, mi ò bi ara mi rí pé kí ni ṣíbí ń wá láàárín òpó. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo dùbúlẹ̀ tì í, mo ń wò ó ní igun kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn ló wá yé mi pé ẹni tó ya òpó yẹn ò ya Màpó bíi fọ́tò rárá, ohun tí ojú máa kọ́kọ́ rí ló mú, ó fi ìyókù sílẹ̀. Òpó gbọọrọ, orí ẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ó tán. Ọmọ ọdún mẹ́ta á dá a mọ̀.

Gbogbo aṣọ náà, wọ́n pín in sí ilé-ilé onígun mẹ́rin, ilé kan nǹkan kan. Àwa tó ń ṣe kátúùnù, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe máa ń pín bébà ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àpótí kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan, kí ìtàn má baà dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn ìyá tó ń ṣe àdìrẹ ti ń ṣe é lórí tẹ́rú, aṣọ funfun tí wọ́n ń ya nǹkan sí, kí wọ́n tó bí mi.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á fi láfún ro ẹ̀kọ, wọ́n á pò ó pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù, wọ́n á wá máa fi ìyẹ́ adìyẹ yà á sí ojú kan aṣọ funfun, tó bá gbẹ wọ́n á rì í sínú aró, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, tó bá ti dúdú tó wọ́n á wá ha ẹ̀kọ náà kúrò. Ibi tí ẹ̀kọ bò, aró ò ráyè wọ ibẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ohun tí obìnrin yẹn ò fẹ́ kí aró kàn ló ń yà! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti mọ ibi tí òun máa fi sílẹ̀. Kò sì sí pé ó ṣàṣìṣe kó pa á rẹ́, tí ìyẹ́ bá ti kan aṣọ, ó ti kàn án nìyẹn.

Mo padà sílé, mo pa gbogbo Ìjàpá àtijọ́ rẹ́. Mo kọ́kọ́ ya tuntun ní dúdú lásán, kò lójú, kò lẹ́nu, òjìji nìkan, mo wá ń wò ó bóyá èèyàn á mọ̀ pé Ìjàpá ni. Ìgbà tí òjìji yẹn dáa ni mo tó fún un lójú. Igbá ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo wá pín sí ilé-ilé bíi ti ìró, ilé kan ṣírí ọkà bàbà, ilé kan ẹ̀pà, ilé kan ṣíbí. Àwọn ilé yẹn ò bára wọn dọ́gba, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ṣebí nínú àlọ́ ẹ̀yìn Ìjàpá fọ́ ni, wọ́n kàn tò ó pọ̀ ni.

Àwọ̀ mẹ́ta péré: aró, funfun, àti àwọ̀ ògì bàbà fúnra ẹ̀. Èyí dùn mọ́ àǹtí nínú gan-an torí tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pléètì ìtẹ̀wé tiẹ̀, owó sì ni.

Kì í ṣe pé èmi ni mo kọ́kọ́ ro irú èyí o, pé kéèyàn fi ohun tí ọmọdé ti mọ̀ nílé ṣe kátúùnù. Moustapha Alassane, tí wọ́n bí ní 1942, tó ṣiṣẹ́ sinimá ẹ̀ ní Niger, àkèré ló máa ń fi ṣe kátúùnù. Ní 1966 ó fi àwọn àkèré sọ ìtàn ààrẹ kan tó rìnrìn àjò. Àkèré! Ẹran tí gbogbo ọmọdé ibẹ̀ ti rí létí omi.

Orúkọ ògì yẹn wá fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ́ wà níbẹ̀, Ọ̀ náà wà níbẹ̀, gbogbo fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) ọmọdé tó rẹwà tí mo gbé sí i, àmì ohùn á fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ìdí ni pé ẹ nìkan jẹ́ lẹ́tà kan nínú kọ̀ǹpútà, tó bá ti di ẹ́, nǹkan méjì tí wọ́n so pọ̀ ni, tí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ò bá sì sọ ibi tí àmì máa jókòó, ó di ibi tó bá wù ú. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ àmì náà kúrò. Mo kọ̀. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà, ara ọ̀rá ògì ló ti máa kọ́kọ́ rí èdè ẹ̀, igba, ìgbà, igbá, ṣé kò wá yẹ kó mọ ìyàtọ̀ ni? Ọwọ́ ni mo fi ya gbogbo lẹ́tà náà, ìlà á nípọn níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á wá máa tín-ín-rín lọ, bí ìlà orí ìró yẹn.

Kátúùnù ló wá kù. Sọ́fítíwia tó ń bá mi mú ẹnu Ìjàpá bá ọ̀rọ̀ mu, Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́. Tí Ìjàpá bá ní "gbàgbé", sọ́fítíwia á rí g, á ṣí ẹnu Ìjàpá sílẹ̀ gbayawu, bẹ́ẹ̀ tí èèyàn bá ń pe gb ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Mo tún gbogbo gb àti p ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, alẹ́ méjì ló gbà.

Nígbà tí mo fi han àwọn ọmọ inú kọ́ḿpáǹdì wa, wọ́n wò ó, wọ́n dákẹ́. Ìjàpá ní "Ààlọ́ o!", ó sì bọ́ sínú ìtàn lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ ni mo rántí ìró yẹn àti àwọn ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ funfun, àṣé èmi ò fi àyè kankan sílẹ̀ fún wọn. Ta ló ń pa àlọ́ tí ò dúró gba "Ààlọ̀"? Mo padà lọ ṣí i, lẹ́yìn tí Ìjàpá bá ti ní "Ààlọ́ o!" mo jẹ́ kó dákẹ́, kó kàn máa wo ọmọ náà lójú, ìṣẹ́jú-àáyá méjì, fíréèmù 48 (àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan).

Ní Sátidé mo tún fi hàn wọ́n. "Ààlọ̀!" Wọ́n pariwo débi pé àwọn màmá wọn yọjú lójú fèrèsé. Èyí tó kéré jù nínú wọn, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, tiẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ìgbà tó máa fi là á jáde, Ìjàpá ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo fi fíréèmù 24 kún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn.