Ta ni yóò sanwó orúnkún rẹ? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ láàárín kílọ́ọ̀bù àti ikọ̀ orílẹ̀-èdè

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìpè dé láti ikọ̀ orílẹ̀-èdè, ara gbogbo ilé yá gágá. Kóòṣì kílọ́ọ̀bù fajú ro díẹ̀ torí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó le wà níwájú, àmọ́ alága ti gbé fọ́tò yín sórí Facebook pé kí ará ìlú bá àwọn yọ̀. Ẹ di báàgì, ẹ wọkọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè pé bí ẹsẹ̀ bá dá ńkọ́. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè pàápàá, wọn á ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ a rí i. Àmín. Àmọ́ ta ni yóò sanwó?

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyẹn. Bí ẹ ò bá ráyè kà á tán, ẹ mú èyí lọ: kí ẹ tó kúrò ní kílọ́ọ̀bù, ẹ gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, tó sọ ẹni tí yóò tọ́jú yín bí ẹ bá fara pa ní káàǹpù, tó sì sọ pé owó oṣù yín ò ní dúró. Ìwé ni mo wí o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, kì í ṣe ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ọmọ Iléṣà ni mí, Ìṣokùn ni ilé wa. Mi ò ní dárúkọ kílọ́ọ̀bù mi, torí ìwé àdéhùn mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, n kò sì ní sọ èwo nínú àwọn ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa ló pè mí. Ẹni tó bá mọ̀ mí á ti mọ̀.

Ìdánrawò ìrọ̀lẹ́ lásán ni, kò tíì kan ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbá mi. Mo fò láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, mo fi ẹsẹ̀ òsì balẹ̀, orúnkún yí sínú, mo sì gbọ́ "pá!" bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ẹni tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ ọ náà, ó ká ọwọ́ lérí. Wọ́n fi yìnyín sí i, wọ́n dì í. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí kò fẹ́ẹ́ ṣeé tẹ̀, wọ́n kó owó ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ gba ìtọ́jú ní kílọ́ọ̀bù mi. Àyè ẹni méjì ni mo san nínú ọkọ̀ torí ẹsẹ̀ tí kò ṣeé ká. Gbogbo kòtò tó wà láti Gbọ̀ngán dé Ifẹ̀ ni orúnkún yẹn kà, a wá ku Ifẹ̀ sí Iléṣà.

Àwòrán MRI ni wọ́n fi rí i pé iṣan tó di orúnkún mú láàárín, èyí tí wọ́n ń pè ní ACL, ti já. Ó di dandan kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó máa ń tó oṣù mẹ́sàn-án, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí agbábọ́ọ̀lù tí ACL rẹ̀ já tó padà sórí pápá. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ò tiẹ̀ bà mí. Mo rò pé mo ní kílọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ tí mo lọ bá akọ̀wé wọn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa, torí ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àárọ̀ kùtù ni mo débẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó sórí àga oníke, mo fi ọ̀pá mi méjèèjì ti ara ògiri. Bí mo bá na ẹsẹ̀, ó dí ọ̀nà; bí mo bá fẹ́ ká a, omi á lé sójú mi. Mo nà á. Àwọn tó ń kọjá sì ń dá a kọjá, ọ̀dọ́ àti àgbà, wọ́n ń ní "Pẹ̀lẹ́ o, Super Eagle." Ẹ mọ bí a ṣe kórìíra kí wọ́n dá ẹsẹ̀ ẹni kọjá nílẹ̀ wa. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ní kí ẹni náà dá a padà. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè la ẹnu.

Oòrùn ti wà ní àtàrí kí wọ́n tó ní kí n wọlé. Akọ̀wé ò ní kí n jókòó. Mo gbé ìwé dókítà fún un, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan, ó gbé e kalẹ̀.

"Ṣé àwa la rán ọ lọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ fi mí sílẹ̀, sà."

"A fi ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n má baà ní a ń dí ọ lọ́wọ́. Kì í ṣe àkókò tí FIFA là sílẹ̀. Oore la ṣe fún ọ. Ìwé tí a fi ní kí o máa lọ dà?"

Kò sí ìwé. Orí fóònù ni wọ́n ti ní kí n máa lọ, alága fúnra rẹ̀ ló sì gbàdúrà fún mi. Mo ní ṣé kí n lè mọ ti owó oṣù tó parí yẹn, sà. Ó wo orúnkún mi, ó wo ojú mi.

"Ṣé o gbá bọ́ọ̀lù lóṣù yìí ni?"

Fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e, ó ń bá ẹni náà rẹ́rìn-ín. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan níwájú tábìlì rẹ̀ títí ó fi fọwọ́ júwe ilẹ̀kùn fún mi.

Nígbà tí mo jáde, mo pe ẹni tó máa ń pè mí ní "ọmọ mi" ní káàǹpù. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Kílọ́ọ̀bù rẹ ló ni ọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni àdéhùn rẹ wà." Láti ìgbà náà, nọ́ńbà yẹn ò wọlé mọ́. Mo wá ṣí Facebook níbi tí mo ti ń dúró de ọ̀kadà. Fọ́tò mi ṣì wà lókè pátápátá lójú ìwé kílọ́ọ̀bù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló fọwọ́ sí i. Ẹnìkan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìgbéraga Ìjẹ̀ṣà!"

Àwọn kan nílé ní èmi ni mi ò béèrè kí n tó lọ. Ta ló kọ́ wa pé à ń béèrè? Láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tí wọ́n bá pè kí ó sáré lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Orí ibùsùn ni mo ti ka òfin FIFA lórí bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń lọ sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó yẹ kí ẹ̀yin kà á nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì pé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ní àwọn àkókò tó wà nínú kàlẹ́ńdà FIFA, dandan ni kí kílọ́ọ̀bù fi ọmọ sílẹ̀, dandan sì ni kí ọmọ jẹ́ ìpè. Ìwé ìpè gbọ́dọ̀ dé ó kéré tán ní ọjọ́ 15 ṣáájú kí àkókò náà tó bẹ̀rẹ̀, kílọ́ọ̀bù sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ 6. Nígbà tí ó bá parí, wákàtí 24 ni agbábọ́ọ̀lù ní láti fi padà sẹ́nu iṣẹ́, 48 bí ikọ̀ náà bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní kọ́ńtínẹ́ǹtì mìíràn yàtọ̀ sí ti kílọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí tó wá jẹ́ kí n dìde jókòó ni pé kílọ́ọ̀bù tí o forúkọ sí ni òfin yẹn ní kó ṣe íńṣọ́ránsì rẹ, fún àìsàn àti ìjàǹbá, ní gbogbo àsìkò tó bá fi ọ́ sílẹ̀. Kílọ́ọ̀bù! Akọ̀wé yẹn sì ní kí n lọ bá àwọn tó pè mí.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ihò wà. Àwa tí à ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìpè wa kì í bọ́ sí àkókò FIFA. Ẹ wo CHAN, ìdíje àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè tiwọn, oṣù Kẹjọ 2025 ni wọ́n gbá èyí tó kọjá ní Kenya, Tanzania àti Uganda, níbi tí Sudan ti fi góòlù mẹ́rin sí òdo lù wá. Kò sí nínú àkókò tó jẹ́ dandan. Bí kílọ́ọ̀bù bá fi ọmọ sílẹ̀ fún irú rẹ̀, wọn á máa pè é ní oore, ẹnu oore yẹn ni wọ́n á sì gbà já ọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìwé, ìwé, ìwé. Níbi tí òfin ò ti de kílọ́ọ̀bù, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ló lè dè é.

Ẹnìkan sọ fún mi pé FIFA máa ń sanwó fún ẹni tó bá fara pa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò kan wà lóòótọ́ láti 2012: bí agbábọ́ọ̀lù bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ikọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní àkókò kàlẹ́ńdà, tí kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù fún ohun tó ju ọjọ́ 28 lọ, FIFA á máa san owó oṣù rẹ̀ padà, ó lè tó mílíọ̀nù yúró 7.5 láàárín ọdún kan. Kílọ́ọ̀bù ni wọ́n ń san án fún. Kì í sì í ṣe owó iṣẹ́ abẹ. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022 ní Qatar, mílíọ̀nù dọ́là 209 ni wọ́n pín fún àwọn kílọ́ọ̀bù tí ọmọ wọn lọ gbá a. Mi ò bínú sí wọn. Mo kàn ń fi hàn yín pé kílọ́ọ̀bù ńláńlá ti jókòó, wọ́n ti béèrè ti ara wọn, wọ́n sì ti rí i gbà. Nígbà tí AFCON, ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Morocco ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 2025, FIFA gbà kí àwọn kílọ́ọ̀bù di àwọn ọmọ mú títí di ọjọ́ 15 oṣù náà. Agbábọ́ọ̀lù nìkan ni kì í béèrè nǹkan kan.

Ẹ má sì rò pé àwa tí a wà nílé nìkan ló ń jìyà ìwé. Emmanuel Dennis ò lọ sí AFCON tí wọ́n gbá ní Cameroon lóṣù Kìíní 2022. Watford, kílọ́ọ̀bù rẹ̀ ní England nígbà náà, ní ìwé ìpè rẹ̀ pẹ́ kó tó dé ọwọ́ àwọn, ó parí. Sunday Mba ńkọ́? Òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé tí a fi na Burkina Faso nínú àṣekágbá AFCON ní Johannesburg ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2013. Bí a ṣe ń jó kiri ìgboro, Warri Wolves àti Enugu Rangers ń fa ẹni tó ni ín mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Akọni orílẹ̀-èdè, wọn ò mọ kílọ́ọ̀bù tí yóò padà sí! Godfrey Oboabona náà wà nínú ikọ̀ yẹn, láti Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ tó wà nítòsí wa níbí, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń ní kí ọmọ ilé má jẹ́ ìpè. Ẹ lọ. Èmi náà á lọ bí wọ́n bá tún pè mí. Ẹni tó bá ní mi ò fẹ́ràn Nàìjíríà, kó wá wo àpá orúnkún mi.

Bí owó ṣe jáde nìyí, mi ò ní fa á gùn. Màámi, tí wọ́n ń ta iṣu ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, di oúnjẹ wọn lọ sí ọ́fíìsì kílọ́ọ̀bù, wọ́n sì ṣe òṣómàáló fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń kí, tí wọ́n sì ń ròyìn orúnkún ọmọ wọn fún. Nígbà tó yá, ojú ti alága, ó san ìdajì owó iṣẹ́ abẹ. Àwọn ẹbí àtàwọn ọ̀rẹ́ dá ìyókù. Wọ́n ṣe é, ó yọrí sí rere, mo ti ń sáré díẹ̀díẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn wà. Kí ẹ tó lọ sí káàǹpù, ẹ jẹ́ kí dókítà kílọ́ọ̀bù yẹ̀ yín wò, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara yín dá, torí akọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ káàkiri pé orúnkún mi ti ń ṣe mí tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ má sì bá kóòṣì kílọ́ọ̀bù jà bó bá fajú ro. Kóòṣì tèmi nìkan ló wá kí mi nílé ní Ìṣokùn, òun tí ìpè náà dà láàmú jù. Bí ẹ bá ní aṣojú, iṣẹ́ rẹ̀ ni ìwé tí mò ń wí yìí. Tèmi ní òun wà nípàdé. Bí ẹ ò bá ní, ẹ kọ ọ́ fúnra yín, ìlà mẹ́ta ti tó: ọjọ́ tí mò ń lọ àti ọjọ́ tí mò ń bọ̀, ẹni tí yóò san owó ìwòsàn, owó oṣù mi ò ní dúró. Kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n lu òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ ti mọ ohun tí wọn yóò sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá dé pẹ̀lú ọ̀pá.

Owó oṣù mi ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní kí n ní sùúrù títí sáà tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀. Màámi ní ọ̀rọ̀ sáà ò kan àwọn. Wọ́n ti ń bi mí bóyá ọjọ́ Ajé ni akọ̀wé máa ń tètè dé ibi iṣẹ́.