Èmi, ọmọ mi àti Tutu

Lánàá ni mo fi àwòrán Tutu tí Ben Enwonwu yà han ọmọ mi lórí fóònù, ọmọ ọdún mẹ́rin ni o, epo ẹ̀wà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ṣáà ń tẹ imú obìnrin yẹn títí gbogbo ojú fóònù fi ń dán. Mi ò tíì sọ nǹkan kan tó fi ní "Mọ́mì, ta ló múnú bí àǹtí yìí?"

Mo ní kò sẹ́ni tó bí wọn nínú, ọmọọba Ifẹ̀ ni wọ́n, Adétutù lorúkọ wọn, bàbá kan ló ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ kóun yà wọ́n. "Ṣé wọ́n fún wọn ní bisikíìtì?" Háà!

Èmi tí mo fẹ́ máa ròyìn pé inú fúláàtì kan ní London ni wọ́n ti rí èyí tí Enwonwu yà ní 1974, tí wọ́n sì tà á lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní 2018, owó yẹn ò kàn án rárá, ọrùn gígùn yẹn ló gbájú mọ́. Ó na tiẹ̀ náà níwájú dígí, ó ní kí n wé gèlè fóun. Gèlè bọ́ sójú ẹ̀, kò jẹ́ kí n tún un wé, ó jókòó bẹ́ẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, àfìgbà tóorun gbé e lọ.