Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìṣirò iye tí Gẹ̀ẹ́sì dandan ń náni

Ẹ̀yin àbúrò, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé kí ni mo rí nínú pírójẹ́ẹ̀tì tí mo fi ọdún méjì gbáko ṣe yẹn, èyí tí mo fi ń ṣírò iye tó ń náni bí wọ́n bá sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ iléèwé kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ń sá fún un ni, torí mo mọ̀ pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mi ò ní tètè dákẹ́. Ó ya, ẹ jókòó.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́ síwájú mo wá ń to nǹkan jọ, owó oṣù tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, owó ìwé, owó ìdánwò, owó tí wọ́n fi ń dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, mo rò gbogbo ẹ̀ pọ̀, inú mi ń dùn pé iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wò ó, ó ní owó tí ìjọba ná lo kà yìí, èyí táwọn ọmọ ná dà? Mo ní àwọn ọmọ ò sanwó kankan o, ọ̀fẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ ka wákàtí.

Mo lọ kà á lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Ká ní ọmọ kan ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ 36 lọ́dún. Wákàtí 120 nìyẹn lọ́dún kan. Tó bá fi ọdún 12 ṣe iléèwé, ó ti di wákàtí 1,440, mi ò tíì ka iṣẹ́ àṣetiléwá o, mi ò tíì ka lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún tí òbí ń sanwó fún lẹ́yìn iléèwé. Ẹ wá fi mílíọ̀nù kan ọmọ sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé ní bílíọ̀nù kan wákàtí, kò sì sí ibì kankan nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ọ́ sí. Wákàtí yẹn ni wọn ì bá fi kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọwọ́, tàbí kí wọ́n tiẹ̀ fi sùn, àbí oorun ò dáa fún ọmọ ni? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ibi tó wá dùn mí jù rèé. Iléèwé kan wà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú wọn lédè, Foreign Service Institute ni wọ́n ń pè é. Ìṣirò tiwọn ni pé àgbàlagbà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré máa nílò nǹkan bíi wákàtí 2,200 nínú kíláàsì kó tó gbọ́ èdè Japan tàbí ti Korea débi tó lè fi ṣiṣẹ́. Àgbàlagbà tí wọ́n ń sanwó fún o, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó kọ́ èdè lọ, tí wọn kì í pọ̀ nínú kíláàsì. Ọ̀nà tó sì jìn láti ibí dé ọ̀hún, kò lè kúrú tó o bá ń ti ọ̀hún bọ̀. Ọmọ tí èdè ilé rẹ̀ jìnnà sí Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, tó wá ṣe wákàtí 1,440 láàárín ogójì ọmọ mìíràn, ọ̀pọ̀ wọn ò ní débẹ̀. Bí afárá tí wọ́n kọ́ dé àárín odò ni. Ọmọ tí òbí rẹ̀ lówó á fi lẹ́sìn parí ìyókù, èyí tí ò lówó á dúró sí àárín, owó gbogbo ìlú tí wọ́n sì ti ná sórí rẹ̀ kò pa dà mú nǹkan kan wá fún un.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìbéèrè “èló ni?” nìkan ò tó. Ta ló ń san án, ta ló sì ń jẹ èrè ẹ̀? Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan láti Fásitì Geneva, François Grin, ṣe irú ìṣirò yìí fún ìgbìmọ̀ kan tó ń yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò ní ilẹ̀ Faransé ní 2005. Ohun tó rí ni pé torí Gẹ̀ẹ́sì ló gborí, Britain ń jèrè tó tó bílíọ̀nù 10 yúrò lọ́dọọdún, tó bá sì ka bí owó náà ṣe ń yí kiri nínú ọjà, ó ń lọ sí bíi 17. Wọ́n ń ta ìwé, wọ́n ń ta ìdánwò, wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ èdè, àwọn fúnra wọn ò sì ní láti náwó púpọ̀ láti kọ́ èdè ẹlòmíràn. Ní 2004 gan-an ni England sọ pé ọmọ tó bá ti pé 14 lè jáwọ́ nínú èdè ilẹ̀ òkèèrè tó bá wù ú. Ẹ ò rí nǹkan. Àwọn kan ń ná bílíọ̀nù kan wákàtí, àwọn kan ní kọ́mọ ó máa lọ ṣe nǹkan mìíràn.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ o. Nígbà tí mo débí yìí inú ti ń bí mi, ìbínú yẹn sì ba iṣẹ́ mi jẹ́ fún bíi oṣù mẹ́ta. Gbogbo nǹkan tó bá lè mú kí àròpọ̀ mi ga ni mò ń kó sínú ẹ̀. Mo ka owó tí òbí ń san fún lẹ́sìn, mo tún ka owó tí tíṣà lẹ́sìn ń gbà, bẹ́ẹ̀ owó kan náà ni! Wọ́n ní bá a bá ń sunkún à máa ríran, èmi ò ríran rárá. Ọ̀gá fi bíírò pupa fa ìlà sí gbogbo ẹ̀, ó ní, tó ò bá kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí lo fẹ́ kọ́ wọn dípò, èló sì nìyẹn náà? Ojú tì mí. Tíṣà tí ò bá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì á kọ́ nǹkan mìíràn, owó oṣù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Grin ò ṣe irú àṣìṣe yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ló fi wéra wọn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan, èdè púpọ̀ pọ̀, àti Esperanto, èdè tí wọ́n dìídì ṣẹ̀dá kó lè rọrùn láti kọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Esperanto yẹn ló ná wọn lówó tó kéré jù nínú ìṣirò rẹ̀.

Ẹ sì má purọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ò lérè. Ó lérè, ẹni tó gbọ́ ọ ń rí iṣẹ́ tó sanwó ju ti ẹni tí ò gbọ́ ọ lọ níbi púpọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé apá kan nínú èrè yẹn dà bí ìgbà téèyàn dìde dúró kó lè rí ìran dáadáa, tí gbogbo èèyàn bá ti dìde, kò sẹ́ni tó tún ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ló kàn ń ro gbogbo wa. Ẹ wo South Korea, àwọn òbí náwó sórí lẹ́sìn Gẹ̀ẹ́sì débi pé ìjọba pàápàá ní láti dá sí i. Láti ìdánwò àṣewọ fásitì ti 2017 ni wọ́n ti yí bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní máàkì Gẹ̀ẹ́sì pa dà, ẹni tó bá ti gba 90 ti wà ní ìpele àkọ́kọ́, kò pọn dandan kó borí ẹnì kejì rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń wá bí eré àsápajúdé yẹn á ṣe rọlẹ̀ ni.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má da “kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì” pọ̀ mọ́ “fífi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ gbogbo nǹkan”. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n, èkejì ló ń jẹ owó jù. Báǹkì Àgbáyé sọ ní 2021 pé ìdá 37 nínú 100 àwọn ọmọ iléèwé láwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kéré tàbí tó mọ níwọ̀n ni wọ́n ń fi èdè tí wọn ò gbọ́ dáadáa kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan o. Ọmọ tí ò gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ á tún kíláàsì kan náà ṣe, tàbí kó kúrò níléèwé, ọdún kan tọ́mọ bá tún ṣe sì ni ọdún kan tí wọ́n tún sanwó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Malaysia bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní 2003, nígbà tó fi máa di 2009 ìjọba ti ní àwọn máa pa dà sẹ́yìn, ìwé tuntun lọ, ìwé tuntun bọ̀. Rwanda ní 2008 sọ pé kí wọ́n kúrò lórí Faransé bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ Faransé ni ọ̀pọ̀ àwọn tíṣà fi kàwé. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, tíṣà náà ti di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, ta ló wá ń kọ́ ọmọ?

Àyẹ̀wò tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970. Àwọn kíláàsì kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan láàyè ara rẹ̀, tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ ló ń kọ́ ọ, àwọn kíláàsì yòókù bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ọlọ́dún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pàápàá wọn ò gbẹ́yìn. Ìwé Yorùbá tí wọ́n ní láti kọ náni lówó, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń kọ ìwé, ọdọọdún lọmọ ń tún kíláàsì ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi nínú yín, tábìlì tí mo fi parí ẹ̀ ní òpó kan tó ṣófo, “ohun tí ọmọ ì bá ti kọ́”. Mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò torí mi ò rí nọ́ńbà tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, ọ̀gá ní kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n má fi nọ́ńbà àbá dí i. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.