Ẹ̀yìn àbúrò mi ni hoist

Ẹ̀rọ kan wà tí àwa kẹ́à, àwa tí wọ́n ń sanwó fún láti tọ́jú aláìsàn nílé wọn, ń lò ní Leeds níbí, ní England, hoist ni wọ́n ń pè é. A ó ti aṣọ rẹ̀ tó ní ojú okùn mẹ́rin bọ abẹ́ aláìsàn, a ó fi okùn náà kọ́ apá ẹ̀rọ, a ó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ á gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwa méjì la máa ń dúró tì í. Ilé iṣẹ́ wa kò gbà kí ẹnì kan dá a lò. Màmá kan tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ là ń wọlé tọ̀ wọ́n. (Wọ́n ní kí n máa pe orúkọ wọn gan-an. Ẹnu mi kò gbà á. "Mummy" ni mò ń pè wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín.)

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu màámi ní Iléṣà, ẹ̀yìn àbúrò mi ni hoist. Bó ṣe ń gbé wọn lọ bálùwẹ̀ ló ń gbé wọn bọ̀, títí ìbàdí tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Èèyàn kò wọ́n nílé wa o. Ẹni tó ń ro ògì wà, ẹni tó ń fọṣọ wà, àwọn ìyá ìjọ ń wá gbàdúrà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé aláìsàn tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, yíyí là ń yí i, bíi wákàtí méjì síra. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi màámi lélẹ̀, kí wọ́n lè máa rí ojú àlejò. Kó tó pé oṣù kan, awọ ìdí wọn ti bó, egbò ti ń jinlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń wá wẹ̀ ẹ́, a ń sanwó fún un nígbàkúùgbà tó bá wá, àwa la sì ń ra gọ́ọ̀sì àti ìbọ̀wọ́. Ní Leeds, NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń rán nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò wá sílé, aláìsàn kò san kọ́bọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ kẹ́à fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́ bí àwọn ará ilé ṣe rò: ní England, ẹni tó bá ní ju £23,250 lọ, òun ni yóò sanwó kẹ́à rẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn níbí ni aago. Mummy á bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkọ wọn tó ń wa bọ́ọ̀sì, ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n fún wa á ti fẹ́ pé, mo ṣì ní láti kọ ohun tí wọ́n jẹ sínú fóònù. Màá ní ká parí ẹ̀ lálẹ́. Lálẹ́, ẹlòmíràn ni yóò lọ. Ojú màámi kò rí irú ìyẹn. Ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹnì kan á ṣì máa dáhùn "ẹ̀n-ẹ́n".

Orí fídíò WhatsApp ni mo ti kọ́ àbúrò mi. Mo ní kó ṣẹ́ ìró po, kó tẹ́ ẹ sábẹ́ màámi láti èjìká dé ìdí. Ẹni méjì á di etí ìró mú, wọ́n á fi yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwọ́ awọ wọn nílẹ̀. Ìrọ̀rí kan láàárín orúnkún, òmíràn lẹ́yìn.

"Àǹtí, ṣé ohun tí wọ́n ń sanwó fún yín lé lórí nìyí?" Ó ń làágùn.

Ó ti fẹ́ wá ṣe é gbowó níbí náà, àmọ́ láti July 2025 wọn kò fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè ní físà kẹ́à mọ́. Egbò náà ti jiná báyìí, ó ku àpá. Àbúrò mi ló ṣe é, èmi kàn ń sọ̀rọ̀ ni.