Camry Big Daddy tó ti gbóná jù: ẹ yẹ ihò bóòtù (bolt) ẹ́ńjìnnì wò kí ẹ tó ra top gasket

Bí omi bá tán nínú Camry Big Daddy onísílíńdà mẹ́rin (2002 sí 2006, ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE), tí ó sì gbóná jù, top gasket (awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń dí àárín block, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì, àti top cylinder, ìyẹn orí rẹ̀) ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Lóòótọ́ ni gasket lè ti jó. Ṣùgbọ́n inú ihò bóòtù lára block ni wàhálà ẹ́ńjìnnì yìí ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni block náà. Tírẹ́ẹ̀dì (ojú tí bóòtù ń yí wọ̀) inú ihò máa ń fà yọ, bóòtù kò ní lè di top cylinder mú mọ́, omi á sì máa jò díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tójú kì í tètè tó.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé géèjì ìgbóná. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ nílò omi kó tó lè mọ ìgbóná. Bómi bá tán pátápátá, géèjì lè wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń jóná. Ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Omi tútù lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè la top cylinder.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa dipstick (ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì) yọ. Bí ọ́ìlì bá rí bíi tíì onímílíìkì, ẹ má tún tan ọkọ̀ náà rárá, torí ọ́ìlì olómi ń jẹ bearing (irin tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ń yí lé lórí).

Ẹ tú bóòtù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó di top cylinder mú láti ìta wá sí àárín. Èyí tó bá tú wẹ́rẹ́ láìle, tàbí tó gbé ègé alumíníọ̀mù jáde, ihò rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìlà ẹ̀yìn ló sábà ń ṣáájú. Gọ́ọ̀mù irin kò lè gbà á là: kí wọ́n gbẹ́ ihò náà ní títọ́, kí wọ́n fi tírẹ́ẹ̀dì irin M11 × 1.5 sínú rẹ̀. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni kí ẹ ṣe, torí àwọn tó kù kò ní pẹ́ tẹ̀lé e.

Ẹ gbé rúlà irin lé ojú top cylinder ní òró, ní ìbú àti láti igun dé igun. Bí feeler gauge (irin tín-ínrín tí a fi ń wọn àlàfo) 0.05 mm bá wọ abẹ́ rúlà náà, top cylinder ti tẹ̀. Kí wọ́n dán an wò bóyá ó ti là kí wọ́n tó skim rẹ̀ (fá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú). Ẹ má fi grinder nu ojú block, iyanrìn rẹ̀ ń wọnú ọ́ìlì. Ẹ fọn ihò bóòtù gbẹ, ẹ lo bóòtù tuntun, kí ẹ dì í láti àárín lọ síta pẹ̀lú torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára dídì), kí ẹ tó yí i ní 90° sí i.

Ẹ dá thermostat (fáàfù tó ń darí omi ẹ́ńjìnnì) padà sáyè rẹ̀, kí ẹ da coolant àti omi distilled sí i ní ìdajì-ìdajì. Ẹ tan ọkọ̀ láìdé rédíétọ̀, kí hítà wà ní ìgbóná, títí fáànù yóò fi ṣiṣẹ́. Bí omi bá ṣì ń yọ ìfófò láìdáwọ́ dúró, gáàsì sílíńdà ṣì ń wọnú rẹ̀. Ẹ tún un tú.