Ẹ Rìn Dé Ìdí Ọkọ̀: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ṣẹ́ Rélùwéè l'Óṣogbo

Ẹ̀yin àbúrò wa, ọmọ Òṣogbo tó dàgbà sí ìtòsí Station Road mọ fèrè rélùwéè kó tó mọ ABD. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ fèrè kò tíì mọṣẹ́. Ojú irin tó gba ìlú wa kọjá jẹ́ ara ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Kánò. Mílímítà 1,067 ló wà láàárín irin méjèèjì. Ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 jẹ́ 1,435, nítorí náà ọkọ̀ ọ̀kan kò lè gun èkejì. Àmọ́ àṣìṣe tó ń fa jàǹbá lórí méjèèjì jọ ara wọn, òun la fẹ́ sọ.

Bíréèkì ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣi nǹkan gbọ́. Wọ́n rò pé bí awakọ̀ bá fẹ́ dúró, ṣe ló ń rọ atẹ́gùn sí páìpù kí bíréèkì lè mú. Òdìkejì ni. Atẹ́gùn tó kún páìpù ló ń jẹ́ kí bíréèkì tú sílẹ̀. Bó bá dín kù, bíréèkì á mú. Bí George Westinghouse ará Amẹ́ríkà ṣe gbé e kalẹ̀ ní 1872 nìyẹn. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé bí wágọ̀nù bá já, tí rọ́bà páìpù sì fà ya, ọkọ̀ á dá ara rẹ̀ dúró láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní táǹkì tirẹ̀. Bí awakọ̀ bá dín atẹ́gùn páìpù kù, fáàfù abẹ́ wágọ̀nù á tú ti inú táǹkì sínú sìlíńdà, sìlíńdà á sì ti búlọ́ọ̀kù bíréèkì mọ́ kẹ̀kẹ́.

Níbi tí wágọ̀nù kan ti pàdé èkejì, kọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ tí a fi ń ṣí páìpù tàbí pa á dé, bí ẹnu ẹ̀rọ omi. Kọ́ọ̀kì yìí ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ oníwágọ̀nù 20. Páìpù ti kún dé bar 5 (bar la fi ń wọn agbára atẹ́gùn), ẹnì kan wá pa kọ́ọ̀kì àárín ìkẹta àti ìkẹrin dé. Gééjì iwájú awakọ̀, ìyẹn aago tó ń ka agbára atẹ́gùn, á ṣì máa fi 5 hàn. Bó bá dín in kù, gééjì á sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́ bíi pé kò sí nǹkan kan. Wágọ̀nù mẹ́ta péré ló máa mú; 17 yòókù á máa ti ọkọ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò bíréèkì kò fi lè parí sí iwájú. Ẹ kún páìpù dé bar 5, kí ẹ sì lọ ka gééjì ní ìdí wágọ̀nù ìkẹyìn. Kí awakọ̀ wá dá atẹ́gùn tó ń wọlé dúró, kó wo bóyá gééjì ń jò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé òfin ojú irin tí ẹ wà ló máa sọ iye tó gbà. Lẹ́yìn náà, kó dín in kù ní ìdajì bar. Ẹ wá rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ wo búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí awakọ̀ bá tú u sílẹ̀, ẹ rìn padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kí ẹ rí i pé gbogbo rẹ̀ ti kúrò lára kẹ̀kẹ́. Ìrìn kejì yìí làwọn ọ̀lẹ máa ń fò. Bíréèkì ọwọ́ kan tí wọ́n gbàgbé láti tú lè di kẹ̀kẹ́ mú tí kò fi ní yí mọ́. Irin á máa ha á títí ojú kan rẹ̀ á fi tẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ "gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀" lábẹ́ wágọ̀nù, òun nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má wọ àárín wágọ̀nù méjì láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀, tó sì ti dáhùn. Kọ́ọ̀kì méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ pa dé kí ẹ tó tú rọ́bà. Rọ́bà tí atẹ́gùn bar 5 ṣì wà nínú rẹ̀ á nà bí pàṣán, ó sì lè fọ́ egungun ọwọ́.

Bí ẹ bá pàdé wágọ̀nù àtijọ́ tó ń lo vacuum (páìpù tí wọ́n fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde), ẹ yí ọgbọ́n yín padà: fífa atẹ́gùn jáde ló ń tú bíréèkì tiẹ̀ sílẹ̀, ínǹṣì mákúrì 21 ni gééjì sì máa ń kà níbi tó ti pé. Kò ṣeé so mọ́ ti atẹ́gùn kí a retí pé yóò mú.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá pín sí iṣẹ́ ojú irin, ọ̀tá tiyín ni oòrùn. Irin tó gùn ní mítà 12 á fi nǹkan bíi mílímítà 4 gùn sí i bí ìgbóná rẹ̀ bá fi dígírì 30 lọ sókè. Láti àárọ̀ ọyẹ́ sí ọ̀sán gangan, irin lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún kìlómítà kan, ó lé ní mílímítà 340. Àlàfo tí a fi sílẹ̀ ní oríkèé irin ló ń gba gbogbo èyí. Ọmọṣẹ́ tó fẹ́ fi agbára hàn á fún bóòtù oríkèé títí irin kò fi ní lè yọ̀ mọ́. Ní ọ̀sán, irin á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí ejò. Ẹ fi gíríìsì pa pẹlẹbẹ irin tó so oríkèé pọ̀, kí ẹ sì lo sípánà tí gígùn rẹ̀ bá òfin mu. Ẹ má ti páìpù bọ ìdí sípánà láti mú un gùn sí i.

Òkúta abẹ́ irin náà máa ń tanni jẹ. Ẹ lè rí gránáìtì funfun báláú lókè, kó jẹ́ pé ẹrẹ̀ ti dí abẹ́ rẹ̀. Nílùú bíi tiwa, pàǹtírí táwọn èèyàn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ń dí gọ́tà, omi òjò kò wá ríbi gbà. Bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá, slípà, ìyẹn ìdábùú tí irin gùn lé, á máa tẹ ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á máa tú jáde, irin á sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Dída gránáìtì tuntun lé ẹrẹ̀ lórí, owó ṣòfò ni. Ẹ hú ti àtijọ́ kúrò, ẹ la gọ́tà, kí ẹ tó da tuntun.

Níbi tí títì ti gba orí irin kọjá, ẹ wo àlàfo tí etí kẹ̀kẹ́ ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú irin. Ọ̀kadà àti tírélà ń fi ẹrẹ̀ àti òkúta dí i lójoojúmọ́. Bó bá dí pátápátá, etí kẹ̀kẹ́ á gùn ún, kẹ̀kẹ́ á sì fò bọ́ sílẹ̀. Irin ṣóńṣó lẹ ó fi hú u. Ìgbálẹ̀ kò tó.

Lórí rédíò, ẹ tún ọ̀rọ̀ sọ padà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. "Fifteen" àti "fifty" máa ń dún bákan náà bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá pọ̀, nítorí náà ẹ máa pe nọ́ḿbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: "one five", "five zero". Ẹni tó bá dá yín lóhùn ní "ó dáa" nìkan kò tíì dáhùn. Ẹ tún pè é.